Máàkì Mélòó Lo Gbà?

Mo rò pé èsì JAMB ló jáde ni. Ariwo tó ń ti yàrá àwọn ọmọ yunifásítì bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣe é mójú kúrò. Ọ̀kan ń ké pé, "Mẹ́rìndínlógún!" Èkejì ní, "Ìyẹn náà ni máàkì? Mọ́kàndínlógún lèmi gbà!" Bí èmi náà ṣe gbé garawa mi nìyẹn, mo ní mo ń lọ pọnmi. Kò sí kànga ní apá ibẹ̀ o, àmọ́ ta ló bi mí?

"Ẹ kú oríire o," ni mo fi wọlé. "Kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n fún yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó gba mọ́kàndínlógún ní, "Mọ́mì, kì í ṣe JAMB. Ìdoríkodò ni."

Ẹ gbà mí o. Ọmọ tó ní ìdoríkodò ló ń rẹ́rìn-ín tó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ bọwọ́, èyí tí tiẹ̀ kò tó tèkejì ló wá fajú ro bí ẹni tó fìdí rẹmi. Mo gbé garawa mi kalẹ̀, mo jókòó lé e. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, èèyàn kì í gbọ́ ọ ní ìdúró.

Ilé wa, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó wà ní Ajíbọ́dẹ, yàrá mẹ́jọ ló kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ti yọ láti ìgbà tí Bàbá Onílé ti ní òun ń pe káfíńtà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ Bàbá Onílé lónìí. Tí Yunifásítì Ìbàdàn bá ti kún, tí bẹ́ẹ̀dì ò sí mọ́ ní họ́ọ̀lù, ọ̀dọ̀ wa làwọn ọmọ ń sọdá sí. Wọ́n á gbé gáàsì kékeré wá, wọ́n á gbé fóòmù àti ìwé wá, ohunkóhun tó bá sì ń jà lórí fóònù lásìkò yẹn, wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú. Ọdún kan, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tó yá, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ sì fi owó ìránṣọ ọdún Iléyá sí i, kò tíì rí i di òní. Èyí tó wọlé wá lọ́tẹ̀ yìí ni ìdánwò ọkàn.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Orí ẹ̀ pé ju tàwọn yòókù lọ, òun náà sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì kó tó sanwó iná. Òun ló là mí lóye. Ó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á bi ọ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé nǹkan kì í wù ọ́ ṣe mọ́? Ṣé ọkàn rẹ ń rẹ̀wẹ̀sì? Oorun ńkọ́, ṣé kì í wá ni, àbí ò ń sùn jù? Ṣé ó ń rẹ̀ ọ́? Ṣé oúnjẹ ń lọ? Ṣé ò ń wo ara rẹ bí ẹni tó ti já ara ẹ̀ àti àwọn èèyàn ẹ̀ kulẹ̀? Ṣé ọkàn rẹ ń dúró síbi ohun tí ò ń kà? Ṣé ìrìn àti ọ̀rọ̀ rẹ ń falẹ̀, àbí ara rẹ ò gba ìjókòó? Ti ìkẹsàn-án, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀. Tí kò bá ṣe ọ́ rárá, òdo. Tó bá ṣe ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan, ení. Tó bá ju ìdajì ọjọ́ náà lọ, èjì. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀ta. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ kò lè kọjá 27. Tó bá ti di 5, ó ti ń fọwọ́ kàn ọ́. Tó bá di 10, ó yẹ kí dókítà gbọ́ sí i. Ní 15, ó ti wọra. Láti 20 sókè, ó ti le.

Mo ní, torí èyí lẹ ṣe ń ra dátà? Ṣebí ẹ bá ti bi èmi. Ta ni kò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ kì í sùn, nígbà tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ẹ̀ ń dún láago méjì òru? Màmá Púpà tó wà ní yàrá ìkẹta, láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin ti lọ sí Kánádà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́. Ìkòkò ẹ̀ ló sọ fún mi. Ata tó ń rà ní Ṣáṣá tẹ́lẹ̀, lílọ̀ ẹ̀ ń kún kéètù mẹ́ta, ní báyìí, agolo mílíkì ló fi ń wọn ata lọ́wọ́ èmi aláta. Ẹni tó bá ta ata fún èèyàn mọ ohun púpọ̀ nípa ọkàn ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ní ká máa kà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì wo ni? Ọ̀sẹ̀ méjì tí tiransifọ́mà àdúgbò jó gan-an ni! Kò síná, fáànù ò yí, ẹ̀fọn ń kọrin sí wa létí, pọ́ǹpù ò fa omi, ẹja tó wà nínú fírísà mi di ohun tí a ń sin. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn wá gbé fóònù yí gbogbo ilé ká pé kí oníkálùkù wá ṣe tiẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa jáde? Púpọ̀ nínú wa ló gba ẹ̀ta nínú oorun, ẹ̀ta nínú àárẹ̀, èjì nínú àìfọkàn-sí-nǹkan. Ká tó ka ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ mọ́ ọn rárá, àwọn wọ̀nyí ti ní mẹ́jọ lápò. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nínú wa o, tiransifọ́mà ló ní ìdoríkodò, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nọ́ọ̀sì wa náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ìdánwò yẹn kì í sọ pé o ní àìsàn, ó ń sọ pé kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò ni. Dókítà ló máa jókòó tì ọ́ tó máa bi ọ́ pé ó ti pẹ́ tó, ṣé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ ló lọ sílẹ̀, ṣé oògùn tí ò ń lò ló ń bá ọ jà, àbí ṣé kò síná ní àdúgbò yín. Ó ní ìbéèrè kan sì tún wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọn kì í fún un ní máàkì: gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yìí, báwo ló ṣe ń dí ọ lọ́wọ́ tó níbi iṣẹ́, nínú ilé, àti láàárín àwọn èèyàn? Dókítà máa ń wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ wa ò tiẹ̀ kà á. Ọmọ yunifásítì kọ́! Ohun tí kò bá ti ní máàkì, wọn ò ní ṣí ìwé dé ibẹ̀.

Ó wá kù kí n mọ ẹni tó ṣe ìbéèrè náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń sùn, ó yẹ kí n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹ gbọ́ o: tọkọtaya wà nínú ẹ̀! Robert Spitzer lọkọ, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, Janet Williams nìyàwó, Kurt Kroenke ni ẹnì kẹta wọn. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo bí oúnjẹ alẹ́ ṣe máa ń rí nínú ilé tọkọtaya yẹn. "Olówó orí mi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ọbẹ̀ mi ń lọ?" Ẹni tó náwó sí i wá ni Pfizer, ilé iṣẹ́ olóògùn. Àwọn yìí náà ló ń ta Zoloft, oògùn ìdoríkodò, nígbà náà. Àwọn ará Kánò ò sì tíì gbàgbé orúkọ yẹn láti 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ wọn lásìkò àìsàn yírunyírun, àmọ́ ìyẹn á di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ní ẹni tó ń ta agbòòrùn ló ń kéde pé òjò máa rọ̀. Mo ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjò náà kì í ṣàì rọ̀. Wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lo ìbéèrè náà.

Ẹ má tún sọ pé ti òyìnbó ni. Ní 2006, Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 nílẹ̀ wa níbí, wọ́n yẹ ìdáhùn wọn wò sí ohun tí àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ sọ, wọ́n sì rí i pé ó ń mú un. 10 tí òyìnbó ń lò fún ìdoríkodò gidi náà ló bá tiwa mu.

Bàbá Onílé, mo mọ̀ pé mo ní mi ò ní dárúkọ wọn, ni wọ́n jókòó sórí àga onírọ́bà wọn tí wọ́n ní nígbà tàwọn, kò sí ìdoríkodò. Wọ́n ní nígbà tàwọn, tí ọmọ bá kàwé jù, orí ẹ̀ máa gbóná ni, nǹkan á máa rìn lórí ẹ̀ bí ìkamùdù, lẹ́tà á máa sá lójú ìwé. Ṣé ẹ rí i, Bàbá ò purọ́. Dókítà òyìnbó kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gúúsù Nàìjíríà ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú orí tó ń gbóná àti ìwé tí kò wọlé mọ́, wọ́n ní ọpọlọ àwọn ló rẹ̀. "Brain fag" ló pè é, torí bí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe ń pè é nìyẹn. Nígbà tó yá, òun náà ṣe ìbéèrè tiẹ̀ fún un. Ìbéèrè méje.

Ìyá mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ ní Arò kan náà. Ẹni yẹn ló ní ní 1954 pé kí wọ́n má ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, kí ẹbí wọn kan máa bá wọn gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa lọ gbàtọ́jú kí wọ́n máa padà sílé. Ó bọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó sì di ọ̀gá àgbà pátápátá níbẹ̀ ní 1968. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ máàkì? Ó kàn wá gan-an. Ní 1961, Lámbò àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó ìbéèrè dání, wọ́n wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń bi àgbà àti ọ̀dọ́ bí ara wọn ti rí, wọ́n wá gbé ìdáhùn wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ará Stirling County, lọ́hùn-ún ní Kánádà. Ìwé náà jáde ní 1963. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọmọ ayé òní ló ń bi ara wọn pé mélòó lo gbà, Ẹ̀gbá àti Kánádà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ìyá wọn.

Níbo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, àgbàlá wa.

Nígbà tí PHQ-9 ti rọ̀ díẹ̀, oríṣiríṣi mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Irú èèyàn wo ni ọ́." "Ọgbẹ́ wo ló wà lọ́kàn rẹ láti kékeré." Àwọn yìí ò ní máàkì, lẹ́tà ni wọ́n ń fún èèyàn, tàbí àwọ̀, tàbí ẹranko. Wọ́n ṣe tèmi, ó ní mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ṣùgbọ́n tó máa ń fẹ́ dá wà nígbà mìíràn, mo ní ẹ̀bùn tí mi ò tíì lò tán, èèyàn ò sì mọ inú mi bí wọ́n ṣe rò. Háà! Mo ní ta ló sọ fún un? Mo gbé e lọ fún Màmá Púpà, ó ní òun gan-an ni wọ́n ṣàpèjúwe. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ní rárá, òun ni. Nọ́ọ̀sì wa ní ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, ṣe ìdánwò ìwà fún akẹ́kọ̀ọ́ 39, ó wá fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní èsì tiẹ̀ nínú ìwé, pé kí wọ́n sọ bó ṣe bá wọn mu tó, láti òdo dé márùn-ún. Tí a bá pín in dọ́gba, 4.26 ni wọ́n fún un. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà níta ló sì ti kó o. Mo rántí wòlíì kan tó máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tó ń rí obìnrin kan tó pupa díẹ̀ nínú ìdílé gbogbo èèyàn. Ìdílé wo ni kò ní obìnrin tó pupa díẹ̀?

Ti ADHD ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ kan fi fídíò TikTok han Bàbá Onílé, pé ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí kì í parí ẹ̀, tó ń gbàgbé àdéhùn, tí ọkàn ẹ̀ kì í dúró sójú kan, àìsàn ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n tún gbé e sí i. Ní ọjọ́ kejì tí mo bi wọ́n léèrè ilẹ̀kùn balùwẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ADHD ni."

Ìyá Onílé ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ ọjọ́ gbígba owó ilé ni, àìsàn yẹn kì í dé."

Àwọn olùṣèwádìí kan ní Kánádà wo irú fídíò ADHD bẹ́ẹ̀ 100, èyí tí àwọn èèyàn ń wò jù lórí TikTok, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2022: 52 nínú wọn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Àìsàn náà wà lóòótọ́, ó sì ń fìyà jẹ àwọn tó ní in. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn. Mo ṣì ń fi ìró dí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ títí di báyìí.

Ẹ má rò pé mo ní kò sí ẹni tó ń ṣe. Oyè Gúrèje, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn níbí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bi èèyàn 4,984 léèrè ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, ojúkojú ni o, kì í ṣe orí fóònù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí i méjìlá ni ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ọkàn yìí ti ṣe rí láyé wọn. Àwọn tó le fún gan-an, bí i mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Ẹ wo iye èèyàn tó ń bẹ lójú ọ̀nà yìí láti ibí dé Apẹ́tẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé gbogbo wọn ni ara ń dẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì. Ọkọ ẹ̀ wà ní Kútọnu, ó ní ọjà lòun lọ rà, ọjà náà ò tíì tán. Ìbejì wà lọ́mú. Nígbà tí àwọn ọmọ gbé fóònù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọmọ yunifásítì kan ń tú ìbéèrè sí Yorùbá fún un, mo wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mò ń bá a di Kẹ́hìndé lọ́wọ́.

"Àǹtí, ṣé ó máa ń rẹ̀ yín?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Ta ni yóò ní ìbejì tí yóò máa sùn? Ọpẹ́ ni."

"Ṣé ọkàn yín máa ń bàjẹ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀tá mi ni."

Ọmọ náà wo fóònù, ó wò mí, kò mọ ibi tó máa tẹ̀. Kò sí àpótí "A dúpẹ́" nínú PHQ-9. Ó bá ń tẹ òdo. Òdo lórí òdo lórí òdo. Èsì jáde pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe obìnrin yìí. Màmá Púpà tó gba mẹ́rìnlá ló wá gbé ohùn sókè, "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò sọ́kọ nílé, tó ń wẹ ọmọ méjì, ara ẹ̀ le. Èmi gan-an ni nǹkan ń ṣe." Ọ̀rọ̀ wá di ta ni ìyà ń jẹ jù. Àwọn kan ní Màmá Púpà ò ní ìdí kankan, pé ọmọ ẹ̀ ń fi dọ́là ránṣẹ́ sí i. Àwọn mìíràn ní kò kan owó. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa mú gèlè ara wọn.

Èmi ò sọ nǹkan kan, ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti Ìyá Ìbejì. Mo mọ ìgbà tí ìbejì ń sunkún, mo sì mọ ìgbà tí kì í ṣe ìbejì.

Mo pe nọ́ọ̀sì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun náà ti ń fura. Ó ní ìbéèrè mìíràn wà fún aláboyún àti abiyamọ, Edinburgh ni wọ́n ń pè é, mẹ́wàá ni, láti 1987. John Cox tó wà nídìí ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìyá ọmọ ní Ùgáńdà kó tó kọ ọ́. Kì í béèrè oúnjẹ bí i ti àkọ́kọ́, tó bá sì béèrè oorun, bóyá ìbànújẹ́ ni kì í jẹ́ kó wá ló ń béèrè, torí abiyamọ wo ló ń sùn? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí gan-an, àwọn Gúrèje gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú aláboyún 29, wọ́n fi wá àwọn tí ìdoríkodò ń bá jà kàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ló sì tọ́jú wọn, kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Èsì ẹ̀ jáde ní 2019. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ló bọ́ nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì lọ bá a ní yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò gbé fóònù dání. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú Edinburgh, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé o ṣì ń rí nǹkan pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo gbé Táíyé àti Kẹ́hìndé dání títí wọ́n fi jáde, ojú méjèèjì pọ́n. Ní ọjọ́ kejì wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti ń lọ láti ìgbà náà. Ohun tó sọ nínú yàrá yẹn, mi ò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo ní mi ò ní sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí ní olófòófó, ẹ jẹ́ n fi olófòófó gidi hàn yín. Àwọn àgbà ní òfófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Wọn ò mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, BetterHelp, tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè nípa ọkàn ẹ̀ kó tó fún un lágbaninímọ̀ràn. Ó ní ọ̀rọ̀ wọn kò ní jáde. Ní 2023, àjọ FTC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà fẹ̀sùn kàn án pé ó kó àdírẹ́sì ímeèlì àti ìdáhùn wọn fún Facebook, Snapchat àti àwọn mìíràn, kí wọ́n lè fi polówó. Mílíọ̀nù 7.8 dọ́là ni wọ́n ní kó san. Ṣáájú ìyẹn, ní 2019, Privacy International yẹ ojú ewé 136 wò tó ń sọ̀rọ̀ ìdoríkodò ní Bìrìtìkó, Faransé àti Jámánì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ẹlòmíràn ń yọjú wò láti ẹ̀yìn, àwọn ìdánwò kan nínú wọn sì ń kó ohun tí èèyàn dáhùn lọ síta. Ẹ rò ó wò: o sọ fún fóònù lóru pé oorun ò wá, ní òwúrọ̀ wọ́n ń polówó oògùn oorun fún ọ. Òfófó tèmi kì í kọjá Ọ̀jọ́ọ̀.

Ẹ ò rí i pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè kẹsàn-án. Ó béèrè bóyá ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé ó sàn kó o kú, tàbí kó o ṣe ara rẹ léṣe. Nígbà tí àwọn ọmọ ń pariwo máàkì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń rò ó mọ́ àwọn yòókù bí ẹni ro owó ọjà. Nọ́ọ̀sì wa ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ibẹ̀ nìkan wò, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gba mọ́kàndínlógún, tó ń rẹ́rìn-ín, òdo ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan wà tí àpapọ̀ tiẹ̀ kò ju méje lọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tiẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayọ̀ ti pọ̀ jù fún un. Ení ló wà níwájú ìkẹsàn-án tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í dúró wo àpapọ̀ tí ohun tó wà níbẹ̀ bá ti kúrò ní òdo. Òun àti ẹni yẹn ló jọ sọdá afárá lọ sí Jaja, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní kùtùkùtù, kí ibẹ̀ tó kún.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn, kó ṣe é, kó má sì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ bá ara yín fi máàkì ṣeré tó bá wù yín. Àmọ́ tí ìkẹsàn-án bá ti kúrò ní òdo, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ: ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, Jaja kò jìnnà, ẹ̀yin yòókù, ẹ wọkọ̀ lọ UCH, kí ẹ béèrè ẹ̀ka àwọn dókítà ọpọlọ, kí ẹ sì mú ẹnì kan dání. Ẹ má wá sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ẹ mọ ẹnu mi.